Ojú Ni Owó Àtijọ́ Fi Ń Níye: Ẹ̀kọ́ Lórí Kọ́bọ̀ àti Ṣílè Tó Bá Yọ Nínú Ṣéńjì

  

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí nǹkan kékeré kan tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé sọ nù láìmọ̀: owó onírin àtijọ́. Bí oníbàárà bá fún yín ní ṣéńjì, tí ẹ wò ó tí ẹ rí i pé owó ayé ọjọ́un wà nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ tú àpótí màmá yín tí ẹ bá ṣílè àti kọ́bọ̀ oníhò nísàlẹ̀ aṣọ, kí ló yẹ kí ẹ ṣe? Àwọn kan á ní, "Kí la fẹ́ fi èyí rà?" wọ́n á kó o fún ọmọdé kó máa fi ṣeré. Àwọn kan á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn ha á títí yóò fi máa kọ mànà. Àwọn mìíràn á pe ẹni tó ń kiri ra irin àlòkù, ìyẹn á sì wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ ìkòkò tó ti jò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mú àdánù wá. Àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tó bá mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ tà á gan-an kò bá mọ iyì rẹ̀ ńkọ́? Ìdí tí a fi ní ká kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn.

1. Ibo ni owó àtijọ́ ti ń yọ wá?

Gbogbo wa la mọ̀ pé owó onírin kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn lọ́jà wa mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2007, Báǹkì Àpapọ̀ kó kọ́bọ̀ 50, náírà 1 àti náírà 2 onírin jáde, ṣùgbọ́n ọjà kò gbà wọ́n. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni owó àtijọ́ máa ń gbà dé ọwọ́ wa.

Àkọ́kọ́ ni kólo àti ìkòkò àwọn àgbà. Ọ̀nà kejì ni owó sẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Kétu mọ̀ pé níbẹ̀, owó onírin ṣì ń rìn lójoojúmọ́. Láti 1967 ni sẹ́fà 100 onírin ti ní àwòrán kan náà, èyí tí wọ́n yà ní àwòkọ òṣùwọ̀n wúrà àwọn ará Ashanti, tó dà bí ẹja. Nítorí pé ojú kò yí padà, kò sẹ́ni tó ń wo ọdún. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ "Afrique Occidentale Française" sí lára, tó ní 1956, ẹ mọ̀ pé owó ayé àwọn Faransé nìyẹn, kí Dahomey tó gba òmìnira ní 1960. Ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ṣéńjì tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń kó sápò bọ̀ wálé. Nínú owó pẹ́ńsì 50 ti wọn, èyí tí wọ́n ṣe ní 2009 tó ní àwòrán ilé gogoro ọgbà Kew kò ju 210,000 lọ. Àwọn olùkó-owó-jọ ń wá a, owó gidi sì ni wọ́n ń rà á. Àmọ́ bí ọmọ yín kò bá wo ojú rẹ̀, á fi ra búrẹ́dì ni.

2. Kí ló mú kí èyí tó pẹ́ ṣì dà bí tuntun?

Ibí ni àdììtú ẹ̀kọ́ wa wà. Owó tó ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ máa ń gbó bí ọṣẹ. Á máa ha ara wọn nínú àpò, á máa bọ́ sílẹ̀, òógùn á máa jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ogún ọdún, orí ọba á ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá gba ṣílè tuntun ní ọdún tí wọ́n ṣe é, tó sọ ọ́ sínú kólo lálẹ́ ọjọ́ náà, tí kò sì fọ́ kólo yẹn títí tó fi wọ káà ilẹ̀ lọ, ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá fọ́ ọ ni ṣílè náà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sí ọjà. Ó dàgbà lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kò rìn. Nígbà tí ẹ bá rí owó àtijọ́ tó mọ́ ojú nínú ṣéńjì, ohun tó sábà máa ń fà á nìyẹn: ẹnì kan ti fi pamọ́, ẹlòmíràn ló kó o jáde.

Ohun tí ẹ ó dì mú ni pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń sọ iye owó àtijọ́. Ohun mẹ́ta ni: ṣé ó pọ̀ nílé ayé tàbí ó ṣọ̀wọ́n? Irú irin wo ni? Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Ọwọ́ wa kọ́ ni méjì àkọ́kọ́ wà. Ẹ̀kẹta nìkan ni àwa lè tọ́jú, òun náà la sì lè bà jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan.

3. Ẹ jẹ́ ká mọ àwọn owó náà lórúkọ

Láti 1907 ni wọ́n ti ń ṣe kọ́bọ̀ oníhò fún Nàìjíríà àti àwọn ìlú mìíràn tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní apá ibí. Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò máa bójú tó owó Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ní 1913 ni ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó tọ́rọ̀, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì jáde. "British West Africa" ni ẹ ó rí lára wọn.

Aníní, ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀ ló ní ihò láàárín. Aníní mẹ́wàá ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan, ẹ̀pìnnì méjì ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ̀, mẹ́fà ni sísì, méjìlá ni ṣílè, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn. Ihò yẹn ló jẹ́ kí àwọn ìyá wa lè so owó mọ́ okùn bí wọ́n ti ń sin owó ẹyọ. Orí ọba kò sí lára àwọn oníhò wọ̀nyí. Adé ni, pẹ̀lú orúkọ ọba tí wọ́n kọ yí i ká. Ní ẹ̀yìn, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà ni.

Ní 1959, Nàìjíríà ní owó tirẹ̀. Orí ọbabìnrin Elizabeth wà lára tọ́rọ̀, sísì àti ṣílè. Tọ́rọ̀ tọdún náà ní igun méjìlá, òwú wà lẹ́yìn rẹ̀. Sísì ní kòkó lẹ́yìn. Bí a tilẹ̀ gba òmìnira ní 1960, owó yìí la ṣì ń ná títí di ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1973, tí náírà dé. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà wa fi ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè, tí wọ́n ń pe kọ́bọ̀ márùn-ún ní sísì. Kòkó wà lára kọ́bọ̀ 5 ti 1973, igi ọ̀pẹ wà lára kọ́bọ̀ 10, ẹ̀pà wà lára kọ́bọ̀ 25. Ẹ ò rí i pé ọjà wa náà ni wọ́n yà sára owó!

4. Èwo ni fàdákà, èwo ni kì í ṣe fàdákà?

Ẹ fara balẹ̀ níbí o, nítorí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn ìyá wa jẹ nìyí.

Tọ́rọ̀, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì ti British West Africa tí wọ́n ṣe láti 1913 jẹ́ fàdákà tòótọ́. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ọ̀nà 92 àti ààbọ̀ jẹ́ fàdákà. Orí ọba George Karùn-ún ló wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní (1914 sí 1918), fàdákà gbówó lórí káàkiri ayé, ó wá di pé irin inú owó fẹ́ ju iye tí wọ́n kọ sára owó lọ. Ní 1920 ni wọ́n yí i padà sí idẹ. Nítorí náà, bí ọdún bá jẹ́ 1920, àwọ̀ ni ẹ ó wò: èyí tó pọ́n bí idẹ kì í ṣe fàdákà.

Ẹ má sì sọ pé gbogbo funfun ni fàdákà. Tọ́rọ̀ funfun láti 1938 wá sí ìsàlẹ̀, bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì ni. Sísì àti ṣílè funfun ti 1959 náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ṣílè fàdákà kan wọ̀n tó gíráàmù 5 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Fàdákà inú rẹ̀ lé ní gíráàmù 5. Bí ẹ bá bá ogún irú rẹ̀, ìyẹn pọ́n-ùn kan ayé àtijọ́, fàdákà tó lé ní 100 gíráàmù ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ béèrè iye tí alágbẹ̀dẹ wúrà ń ta gíráàmù fàdákà kan lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi ṣe ìṣirò. Iye yẹn ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ irin, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Òòfà náà máa ń ranni lọ́wọ́. Ẹ lè rí i lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Kọ́bọ̀ 1, 10 àti 25 tí wọ́n ṣe ní 1991, irin ni wọ́n fi bàbà bò. Kọ́bọ̀ 50 àti náírà 1 ọdún náà, irin ni wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò. Òòfà á gbé wọn. Fàdákà, idẹ àti kọ́bọ̀ 5, 10 àti 25 ti 1973, òòfà kò ní gbé wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta "ṣílè fàdákà" fún yín tí òòfà sì gbé e, ayédèrú ni.

5. Bí a ṣe ń wo ojú owó

Bí a ṣe ń na aṣọ sí oòrùn kí a tó rà á, bẹ́ẹ̀ náà ni owó. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ má fi ìka tẹ ojú rẹ̀. Ẹ wo nǹkan mẹ́rin.

(a) Ibi tó ga jù. Ibi tó yọ síta ló kọ́kọ́ máa ń gbó. Lára ṣílè, ẹ wo adé orí ọba. Bí ẹ bá lè rí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó wà lára adé lọ́kọ̀ọ̀kan, owó náà kò rìn púpọ̀. Bí adé bá ti di pẹrẹsẹ, ó ti rìn jìnnà.

(b) Lẹ́tà àti ọdún. Ṣé gbogbo rẹ̀ ṣe é kà? Owó tí a kò lè ka ọdún rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ tún wo bóyá lẹ́tà kékeré kan wà nítòsí ọdún. "H" túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló ṣe é, "KN" sì ni ti King's Norton, ní ìlú kan náà. Ọdún kan náà lè pọ̀ nínú ti ilé iṣẹ́ kan kó sì ṣọ̀wọ́n nínú ti èkejì, nítorí náà lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì.

(d) Etí. Ṣé ó ti gé? Ṣé ẹnì kan ti lu ihò tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, tó fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn? Ihò àtọwọ́dá máa ń já iye rẹ̀ wálẹ̀ gan-an.

(e) Dídán. Ẹ gbé owó náà sábẹ́ iná, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Bí owó náà kò bá tíì rìn, ìmọ́lẹ̀ á máa yí po lójú rẹ̀ bí ìgbà tí kẹ̀kẹ́ ń yí. Èyí tí wọ́n fọ̀ á dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n dídán ojú kan ni, ẹ ó sì rí ilà wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi kànìnkànìn ha abọ́.

6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́!

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé eléyìí. Ṣílè tó dúdú kì í ṣe ṣílè tó dọ̀tí. Bí fàdákà bá pẹ́ nílẹ̀, ara rẹ̀ máa ń dúdú, bàbà náà á sì di àwọ̀ ilẹ̀. Awọ ara owó náà nìyẹn, ó ti bò ó láti ọdún yìí wá. Ẹni tó mọ owó yóò wo awọ yẹn, á mọ̀ pé ọwọ́ kankan kò tíì ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, iyanrìn, ọṣẹ aláta, oògùn tí wọ́n fi ń nu idẹ, gbogbo wọn ló ń bó awọ náà. Bó bá ti bó, kò tún ṣe é dá padà mọ́. Ohun tí ọdún 100 kò bà jẹ́, ọsàn kan á bà á jẹ́ kí omi ẹ̀kọ tó hó.

Bí ó bá jẹ́ pé inú ilẹ̀ lẹ ti wú u, tí ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ kàn rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́. Ẹ má fi nǹkan ha á. Ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó rọ̀ kó fúnra rẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà wé e lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa máa ha ara wọn. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ẹ má gbé e sítòsí iyọ̀, ẹ sì má gbé e síbi tó ní ọ̀rinrin.

7. Ẹ ṣọ́ra fún ìròyìn mílíọ̀nù

Ẹ jẹ́ ká gba kọ́bọ̀ ọdún 1936 wò. Edward Kẹjọ jọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà, kò sì pé ọdún kan tó fi gbé adé sílẹ̀ nínú oṣù kejìlá. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò kó owó tó ní orí rẹ̀ jáde fún aráàlú láti ná. Ṣùgbọ́n àwọn oníhò tiwa, tí kò gba orí ọba, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n sì ná an níhìn-ín. Ìtàn tó dùn ni, àbí? Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní mílíọ̀nù ló ń kó bọ̀ yẹn. Rárá o. Àwọn kọ́bọ̀ 1936 wọ̀nyẹn pọ̀ gan-an, iye wọn kò sì ga. Ìtàn lè ṣọ̀wọ́n kí owó rẹ̀ má ṣọ̀wọ́n.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tẹ̀ yín láago pé òun fẹ́ ra kọ́bọ̀ àtijọ́ yín ní mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìforúkọsílẹ̀, olè ni. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà ló ń mú owó wá. Ta ló rí oníbàárà tó ní kí alátà san owó kí òun tó ra ata? Ẹ má fi nọ́ńbà báǹkì yín ránṣẹ́ sí i. Bí àwọn ọmọ bá sì fi iye kan hàn yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ bi wọ́n pé: ṣé iye tí wọ́n dá lé e ni, tàbí iye tí wọ́n tà á? Àwa ọlọ́jà mọ̀ pé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007, abala 21, sọ pé ẹni tó bá ba owó tí báǹkì náà kó jáde jẹ́, ìbáà jẹ́ bébà tàbí onírin, lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ má lu náírà onírin ṣe yẹtí o.

8. Bí ogún bá wà ńbẹ̀

Bí ìyá tàbí bàbá bá papò dà, tí ẹ bá owó nínú àpótí, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan dá kó o. Ẹ kà á níṣojú gbogbo ẹbí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ owó, ọdún, lẹ́tà kékeré ara rẹ̀, iye tó jẹ́. Ẹ ya fàdákà sọ́tọ̀, ẹ ya oníhò sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tà, ẹ gbọ́ iye lẹ́nu ẹni mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì dé Àbújá lè wo ilé àkójọ owó tí Báǹkì Àpapọ̀ ní níbẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí bí owó ayé àtijọ́ ṣe rí. Bí ẹ kò bá fẹ́ tà, ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ-ọmọ, kí ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ìyá tó fi tọ́rọ̀ kọ́lé, kó yẹ kí ọmọ rẹ̀ mọ bí tọ́rọ̀ ṣe rí?

Ìbéèrè tí a ó jíròrò ní ìpàdé

1. Kí ló mú kí owó kan tó ti lé ní ọdún 60 lè ní ojú tó mọ́ ju èyí tó jẹ́ ọdún 10 lọ?
2. Ṣílè funfun kan ní 1959 lára, òmíràn ní 1917. Èwo ni fàdákà, báwo lẹ ṣe mọ̀?
3. Ọmọ yín ti rẹ kọ́bọ̀ sínú omi ọsàn. Kí lẹ máa sọ fún un?
4. Kí lẹ máa dá ẹni tó ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù lóhùn?

Kí olúkúlùkù mú owó onírin kan wá sí ìpàdé, ìbáà jẹ́ aníní, ìbáà jẹ́ sẹ́fà, ká jọ wò ó. Ẹ fi bébà wé e wá o, ẹ má sì fọ̀ ọ́! Ọjà á tà, èrè á wọlé, a ò ní fi ọwọ́ ara wa ta ohun iyebíye lọ́pọ̀. Ire o.